Ìdí tí server fi ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ọ̀gá kó tó ṣí fláàṣì yín, àti bí ẹ ṣe lè tún un ṣe

Tí ẹ bá ki fláàṣì bọ láptọ́ọ̀pù tó ń lo Ubuntu, kò ní pẹ́ tí àwòrán rẹ̀ á fi yọ lójú ẹ̀rọ. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́, àwọn fáìlì inú rẹ̀ á sì ṣí. Kò sẹ́ni tó bi yín ní ọ̀rọ̀ aṣínà kankan. Ẹ wá mú fláàṣì kan náà lọ sídìí server ilé iṣẹ́ yín. Ubuntu náà ló wà lórí rẹ̀. Ẹ ki fláàṣì náà bọ̀ ọ́, ẹ padà sórí àga yín, ẹ fi SSH, ọ̀nà tí a ń gbà wọ ẹ̀rọ láti òkèèrè, wọlé, ẹ ní kó mount fláàṣì náà, ìyẹn kó ṣí i. Ó kọ̀. Ó ní àfi kí alábòójútó wá fi ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń rò pé ẹni tó ṣètò server náà ló mọ̀ọ́mọ̀ dí àwọn lọ́nà. Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Òfin kan náà ló ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ méjèèjì. Ibi tí ẹ jókòó sí ló yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe fídíò òde ìgbéyàwó ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn mẹ́rin márùn-ún ló ń gé fídíò níbẹ̀. Server kan wà ní yàrá kékeré tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, orí rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ ń gbé. Nítorí pé Sátidé ni òde máa ń pọ̀, àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni káàdì kámẹ́rà àti hard disk á ti kún orí tábìlì, oníkálùkù á sì fẹ́ kó fídíò tirẹ̀ sórí server. Ẹyọ ẹnìkan ló ní àṣẹ alábòójútó, ẹni náà sì lè wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ títí di ọ̀sán. Kí ni kí àwọn yòókù ṣe? Àwọn kan á ní kí ọ̀gá fún gbogbo ènìyàn ní ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, kí àlàáfíà wà. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún, ó sì rọrùn láti yẹra fún.

Ohun tí mount jẹ́, àti ìdí tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ

Linux kò fi lẹ́tà C àti D pe dísìkì bíi ti Windows. Igi fáìlì kan ṣoṣo ló ní, àmì / yìí sì ni gbòǹgbò rẹ̀. Dísìkì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kì bọ̀ ọ́ kò tíì sí lára igi náà. Kernel, tó jẹ́ ọkàn Linux fúnra rẹ̀, ti rí i, ó ti fún un lórúkọ, bíi /dev/sdb1, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ka fáìlì inú rẹ̀ àfi tí a bá so ó mọ́ fódà kan lára igi yẹn. Síso yẹn ni mount. Títú u ni umount, láìsí lẹ́tà n lẹ́yìn u. Ẹ má bi mí ní ohun tó gbé n náà lọ.

Kernel kì í gba mount dísìkì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bí kò ṣe root, ìyẹn ọ̀gá pátápátá lórí ẹ̀rọ. Ìdí rẹ̀ ju ọ̀kan lọ. Ọ̀kan rọrùn láti rí: ẹni tó bá lè so dísìkì mọ́ fódà tó wù ú lè so ó mọ́ /etc. Fódà /etc tòótọ́ á bọ́ sábẹ́, tirẹ̀ á wà lókè, inú tirẹ̀ sì ni ẹ̀rọ á ti máa ka orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo ènìyàn láti ìgbà náà lọ.

Èkejì ló máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Àwọn ètò kan wà lórí Linux tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣí wọn, àṣẹ ẹni tó ni wọ́n ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ètò passwd wà lára wọn: ẹ̀yin lẹ ṣí i, àmọ́ àṣẹ root ló fi ń kọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín tuntun sílẹ̀. Àmì kan lára fáìlì ló ń mú kó rí bẹ́ẹ̀, setuid lorúkọ rẹ̀. Ẹ tẹ ls -l /usr/bin/passwd, ẹ ó rí lẹ́tà s níbi tó yẹ kí x wà. Ó dáa. Nílé, lórí láptọ́ọ̀pù mi, èmi ni root. Mo lè mú fláàṣì kan, kí n fi ext4, ètò fáìlì tí Linux sábà ń lò, ṣe é, kí n fi ètò kan sínú rẹ̀ tó ń ṣí shell, ibi tí a ti ń tẹ kọ́máàǹdì, kí n kọ ọ́ pé root ló ni ín, kí n sì fi àmì s yẹn sí i. Ext4 á tọ́jú gbogbo rẹ̀ sórí fláàṣì náà bí mo ṣe kọ ọ́. Tí mo bá gbé e dé ilé iṣẹ́, tí server sì mount rẹ̀ láìṣọ́ra, root tí mo jẹ́ nílé ti di root tí mo jẹ́ lórí server. Mi ò jí ọ̀rọ̀ aṣínà kankan, mi ò já ilẹ̀kùn kankan.

Ohun tó ń dènà rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kékeré méjì tí a máa ń fi kún mount. Nosuid ń sọ fún kernel pé kó má ka àmì s yẹn sí. Nodev ń sọ fún un pé fáìlì yòówù lórí fláàṣì náà tó bá pe ara rẹ̀ ní ẹ̀rọ, kó má gbà á gbọ́, torí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lè di ọ̀nà tààrà wọ inú dísìkì server fúnra rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́kàn. Ní ọdún 2025, ibì kan wà tí wọn ò fi wọ́n sí, ó sì di ariwo káàkiri ayé Linux. A ó dé ibẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù ńkọ́?

Lórí láptọ́ọ̀pù náà, root ló ń mount. Ètò kan tó ń jẹ́ udisks2 ló ń ṣe é, àṣẹ root ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó ṣe ohunkóhun fún yín, á kọ́kọ́ bi ètò mìíràn tó ń jẹ́ polkit léèrè, bí ọmọ iṣẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí wà lọ́wọ́ rẹ̀ àmọ́ tí kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà láìgbọ́ tẹnu ọ̀gá. Tí polkit bá ní kó ṣe é, á mount fláàṣì náà pẹ̀lú nosuid àti nodev, á sì so ó mọ́ fódà tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Kò ní bi yín ní ibi tí ẹ fẹ́ kó so ó mọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ /etc tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti kúrò nílẹ̀.

Ìdáhùn polkit wà nínú fáìlì kan lábẹ́ /usr/share/polkit-1/actions, mẹ́ta ni fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Allow_active ni ti ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀rọ náà gan-an, tó ń lo kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Allow_inactive ni ti ẹni tó wọlé níwájú ẹ̀rọ àmọ́ tí ẹlòmíràn ti gba ojú ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Allow_any ni ti gbogbo ìyókù, àwọn tó gba SSH wọlé sì wà níbẹ̀. Fún mímount fláàṣì, ìdáhùn àkọ́kọ́ ni yes. Méjì yòókù jẹ́ auth_admin: kí alábòójútó wá fọwọ́ sí i.

Ẹ fi ojú ara yín rí i. Ẹ fi SSH wọ server, kí ẹ tẹ loginctl. Yóò to àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ náà sílẹ̀, òpó kan sì wà tí wọ́n kọ SEAT sí lórí. Ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀rọ á ní seat0 níbẹ̀. Níwájú orúkọ tiyín, kò ní sí seat kankan. Ẹ ò ní ìjókòó lórí ẹ̀rọ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ yín lẹ fi ki fláàṣì bọ̀ ọ́ kí ẹ tó padà sórí tábìlì yín.

Àwọn kan á ní òfin yìí kò bọ́gbọ́n mu. Ó bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó wà níwájú ẹ̀rọ lè fọwọ́ fa dísìkì yọ, ó lè pa iná, ó lè gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Kí la fẹ́ fi dídí i lọ́wọ́ láti ka fláàṣì tirẹ̀ ṣe? Ẹni tó wá láti òkèèrè ni a kò mọ fláàṣì ta ló fẹ́ ṣí. Ó lè jẹ́ tirẹ̀. Ó sì lè jẹ́ tẹni ẹlẹ́ni tó gbàgbé rẹ̀ sára ẹ̀rọ.

Àwọn ọ̀nà ẹ̀bùrú tí wọ́n máa ń gbani nímọ̀ràn rẹ̀

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Tí ẹ bá wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìmọ̀ràn méjì ni ẹ ó kọ́kọ́ bá pàdé, méjèèjì ló sì burú ju wàhálà tí wọ́n fẹ́ yanjú.

Àkọ́kọ́ ní kí ẹ fi gbogbo ènìyàn sínú ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ disk. Orúkọ rẹ̀ dára létí. Ohun tí ẹgbẹ́ náà ń fúnni ni àṣẹ láti ka gbogbo dísìkì ara ẹ̀rọ ní tààrà àti láti kọ nǹkan sí wọn, láìka ẹni tó ni fáìlì wo sí. Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ lè fi debugfs ṣí dísìkì tí server fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀, kó ka /etc/shadow níbi tí àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà wà. Ẹ ti sọ ọ́ di root, ẹ kàn fi orúkọ mìíràn pè é ni. Èyí tó tún ń pani lẹ́rìn-ín ni pé ẹgbẹ́ náà kò tilẹ̀ jẹ́ kó lè mount, torí kernel kì í bi ẹgbẹ́ léèrè nígbà tí mount bá délẹ̀.

Èkejì ní kí ẹ kọ ọ́ sínú sudoers, fáìlì tó ń sọ ẹni tó lè fi sudo lo àṣẹ root, pé kí wọ́n lè lo mount láìsí ọ̀rọ̀ aṣínà. Èyí máa ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tó fi gbajúmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè lo sudo mount bó ṣe wù ú lè fi --bind gbé fáìlì tirẹ̀ bo èyíkéyìí lórí ẹ̀rọ náà, títí kan /etc/shadow. Á tún lè mount fláàṣì láìsí nosuid. Àwọn tó gbọ́n díẹ̀ á ní àwọn á dín in kù, wọ́n á kọ ọ́ báyìí: /bin/mount /dev/sd* /mnt/*. Àmì ìràwọ̀ yẹn nínú sudoers máa ń gba àlàfo àti àmì / mọ́ra, nítorí náà èèyàn lè ki ohunkóhun tó bá fẹ́ sí àárín. Òfin tí ẹ rò pé ó há ti di gbangba.

Ọ̀nà àtijọ́: fstab

Tó bá jẹ́ dísìkì kan pàtó ni, bíi hard disk tí ẹ ń fi ṣe àkópamọ́ ní alaalẹ́, fáìlì /etc/fstab tó. Alábòójútó á kọ ìlà kan síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo:

UUID=6A3C-19F2  /mnt/akopamo  exfat  noauto,users,gid=1005,umask=002  0  0

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni lè tẹ mount /mnt/akopamo, kò ní bi wọ́n ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà users ló ṣe é, ó sì máa ń fa nosuid, nodev àti noexec wọlé láìjẹ́ pé ẹ kọ wọ́n. Tí ẹ bá kọ ọ́ ní user, láìsí s, ẹni tó mount ún nìkan ló lè tú u. Pẹ̀lú s, ẹnikẹ́ni lè tú u. Ìyàtọ̀ lẹ́tà kan yẹn máa ń dá ìjà sílẹ̀ nígbà tí ẹni tó mount bá ti lọ sílé. Ẹ má sì gbàgbé noauto. Láìsí òun tàbí nofail, ọjọ́ tí server bá tún tan tí hard disk náà kò sí lára rẹ̀, á dúró dè é fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, lẹ́yìn náà á já sí ipò pàjáwìrì tí SSH kò ti ní ṣiṣẹ́. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń dé, ẹ ò ní fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní òru.

Àmọ́ fstab kò wúlò fún káàdì kámẹ́rà. Nọ́ńbà UUID yẹn, tí a fi ń dá dísìkì mọ̀, máa ń yí padà nígbàkígbà tí wọ́n bá format káàdì, àwọn oníkámẹ́rà sì máa ń format tiwọn kí wọ́n tó lọ òde. Ìlà tí ẹ kọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò ní mọ káàdì ọ̀sẹ̀ yìí.

Ọ̀nà tí mo fara mọ́: òfin polkit kan

Ẹ máa rántí pé udisks2 ti mọ iṣẹ́ náà ṣe, ó sì ń ṣe é pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ìdáhùn polkit nìkan la fẹ́ yí padà, fún ẹgbẹ́ kékeré kan, lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Tí udisks2 kò bá sí lórí server yín, apt install udisks2 á gbé e wá. Kí ẹ wá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ẹ fi àwọn tó ń gé fídíò sínú rẹ̀:

groupadd onifilasi
gpasswd -a bisi onifilasi

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ fáìlì kan, ẹ pè é ní /etc/polkit-1/rules.d/50-onifilasi.rules:

polkit.addRule(function(action, subject) {
  var ise = ["org.freedesktop.udisks2.filesystem-mount",
             "org.freedesktop.udisks2.filesystem-mount-other-seat"];
  if (ise.indexOf(action.id) >= 0 && subject.isInGroup("onifilasi")) {
    return polkit.Result.YES;
  }
});

Ẹ wo orúkọ iṣẹ́ méjèèjì tó wà níbẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Wọ́n á kọ àkọ́kọ́ nìkan, wọ́n á dán an wò láti orí SSH, server á tún béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, wọ́n á sì gbà pé polkit kò ka fáìlì náà. Ó kà á. Kí udisks2 tó bi polkit léèrè, ó máa ń kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ wà ní ìjókòó kan náà pẹ̀lú fláàṣì. Ẹni SSH kò ní ìjókòó rárá, nítorí náà orúkọ iṣẹ́ tó máa gbé lọ bá polkit ni èyí tó parí sí other-seat. Òfin tí kò bá dárúkọ rẹ̀ kò kan ẹni SSH.

Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ díẹ̀ kò gbọ́ irú ìwé yìí. Ubuntu 22.04 àti Debian 11 ṣì ń lo polkit 0.105, fáìlì .pkla ló mọ̀, èyí tí ẹ ó fi sínú /etc/polkit-1/localauthority/50-local.d. Debian 12 àti Ubuntu 24.04 ti bọ́ sí èyí tí mo kọ sókè. Tó bá jẹ́ pkla lẹ fẹ́ kọ, àkóónú rẹ̀ nìyí:

[Kaadi kamera]
Identity=unix-group:onifilasi
Action=org.freedesktop.udisks2.filesystem-mount;org.freedesktop.udisks2.filesystem-mount-other-seat
ResultAny=yes

ResultAny ni kẹ́ ẹ kọ. Àpẹẹrẹ tó pọ̀ jù níta ResultActive ni wọ́n máa ń kọ, ìyẹn sì ni ti ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀rọ, tí àṣẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Fún fáìlì .rules, ẹ ò nílò láti tan nǹkan kan pa. Polkit ń ṣọ́ fódà yẹn, á ka fáìlì tuntun fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí Bísí bá ti wọlé kí ẹ tó fi í sínú ẹgbẹ́, kó jáde kó tún wọlé. Ohun kan ṣoṣo tó lè bà á jẹ́ ni tí fáìlì náà bá wà ní ipò tí root nìkan lè kà á; polkit kì í fi àṣẹ root ka òfin rẹ̀. Kí ẹ chmod rẹ̀ sí 644.

Bísí á wá tẹ lsblk -f láti mọ orúkọ káàdì rẹ̀, lẹ́yìn èyí:

udisksctl mount -b /dev/sdb1

Server á sì dá a lóhùn pé: Mounted /dev/sdb1 at /media/bisi/EOS_DIGITAL. Orúkọ tí kámẹ́rà Canon máa ń fún káàdì rẹ̀ ló wà lẹ́yìn yẹn. Lórí Fedora, /run/media/bisi ló máa jẹ́. Bísí nìkan ló lè wọ fódà náà, Adé tó wà lórí server kan náà kò lè yọjú wò ó.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún àwọn ènìyàn yín kí ẹ tó fún wọn ní àṣẹ yìí. Polkit kò mọ ẹni tó ni káàdì. Tí Adé bá ki káàdì rẹ̀ bọ̀ ọ́, tí Bísí sì yára mount ún, ọ̀dọ̀ Bísí ló máa ṣí sí. Ní ilé iṣẹ́ fídíò, ẹ̀rín lásán nìyẹn. Níbi tí wọ́n bá ti ń gbé ìwé àìsàn àwọn ènìyàn sórí fláàṣì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín mọ́, n kò sì ní fi òfin yìí sórí irú server bẹ́ẹ̀.

Hard disk tí wọ́n kì bọ àyè SATA iwájú server yàtọ̀ sí ti USB. Udisks2 máa ń kà á sí ara ẹ̀rọ, iṣẹ́ tó bá béèrè fún un á sì parí sí mount-system. Ẹ lè mọ̀ ọ́n nípa títẹ udisksctl info -b /dev/sdc1, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ HintSystem sí. Ó máa ń ṣe ènìyàn bíi kó kàn fi mount-system kún òfin náà. Ẹ má ṣe é, torí gbogbo dísìkì inú ẹ̀rọ ló máa ṣí sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ yẹn. Òfin kan fún udev, ètò tó ń dá ohun tí a kì bọ ẹ̀rọ mọ̀, tó bá kọ UDISKS_SYSTEM="0" sí àyè kan pàtó yẹn ló yẹ ẹ́.

Ẹni tó ni fáìlì, àti fífa dísìkì yọ

Káàdì kámẹ́rà tó tóbi sábà máa ń jẹ́ exFAT, exFAT kì í sì kọ orúkọ ẹni tó ni fáìlì sílẹ̀, nítorí náà udisks2 á kàn kà á pé ẹni tó mount ún ló ni gbogbo rẹ̀. Kò sí wàhálà. Ext4 ló máa ń da ènìyàn láàmú. Nọ́ńbà ló ń kọ, kì í kọ orúkọ. Adé jẹ́ 1000 lórí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀. Lórí server, alábòójútó ni 1000. Fáìlì tí Adé fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe á wá jẹ́ ti alábòójútó lójú server, Adé á sì máa pariwo pé wọ́n ti gba iṣẹ́ òun. Tí hard disk bá máa rìn láàárín ẹ̀rọ púpọ̀, exFAT dín ariwo kù.

Fífa dísìkì yọ ni fídíò ti máa ń bàjẹ́ jù. Nígbà tí ẹ bá ń kọ nǹkan sórí dísìkì, kernel máa ń kó o jọ sínú mẹ́mórì ná, ó sì lè pẹ́ tó 30 ìṣẹ́jú àáyá kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ́máàǹdì cp á ti parí, ojú ẹ̀rọ á ti dákẹ́, fídíò á sì ṣì wà lójú ọ̀nà. Kọ́máàǹdì udisksctl unmount -b /dev/sdb1 kò ní jẹ́ kí ọwọ́ yín padà bọ̀ sípò àfi ìgbà tó bá kọ gbogbo rẹ̀ tán. Tó bá pẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó mount kò nílò àṣẹ tuntun láti tú ohun tó so.

Tó bá dá yín lóhùn pé target is busy, ẹ kọ́kọ́ wo ara yín. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ti cd wọ inú fódà káàdì náà, ẹ sì ṣì dúró síbẹ̀. Ẹ tẹ cd nìkan, kí ẹ tún gbìyànjú. Tí kì í bá ṣe ìyẹn, fuser -vm /media/bisi/EOS_DIGITAL á dárúkọ ètò tó dì í mú.

Ariwo ọdún 2025

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Qualys kéde àbùkù méjì. CVE-2025-6018 wà nínú bí wọ́n ṣe ṣètò PAM, ètò tó ń yẹ ẹni tó ń wọlé wò, lórí openSUSE Leap 15 àti SUSE Linux Enterprise 15: ẹni tó gba SSH wọlé lè tan ẹ̀rọ jẹ pé òun jókòó síwájú rẹ̀, kó sì gba ìdáhùn allow_active. CVE-2025-6019 wà nínú libblockdev, tí udisks2 ń lò, òun sì kan Ubuntu, Debian àti Fedora pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti ní allow_active á ní kí udisks2 fẹ ètò fáìlì XFS kan tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣètò. Láti fẹ̀ ẹ́, libblockdev á mount ún fún ìgbà díẹ̀, kò sì fi nosuid àti nodev sí i. Àmì s á ṣiṣẹ́. Root á jáde.

Gbogbo wọn ti ṣe àtúnṣe rẹ̀, apt upgrade á sì ti gbé e dé bí ẹ bá ń ṣe é déédéé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nínú rẹ̀ ni bí òfin wa òkè yẹn ṣe há tó. Orúkọ iṣẹ́ méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń fẹ ètò fáìlì, modify-device, kò sí níbẹ̀, nítorí náà ẹni SSH tó wà nínú ẹgbẹ́ onifilasi ṣì máa bá auth_admin pàdé tó bá gbìyànjú rẹ̀. Àwọn tó kọ òfin tiwọn pé kí gbogbo ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú org.freedesktop.udisks2 jẹ́ yes, irú rẹ̀ sì pọ̀ níta, ti fún gbogbo ẹgbẹ́ náà ní ohun tí àbùkù àkọ́kọ́ ń wá.

Kí n má tàn yín: kò sí ohun tí mo ti sọ tó lè dènà fláàṣì tó bá ń ṣe bíi kíbọ́ọ̀dù. Ní 2014, Karsten Nohl àti Jakob Lell fi hàn ní ìpàdé Black Hat pé a lè tún inú fláàṣì kọ tí á fi máa tẹ kọ́máàǹdì fúnra rẹ̀, kí mount tó délẹ̀ rárá. USBGuard ni ètò tó ń ṣọ́ ìyẹn lórí Linux. Àti pé mount fúnra rẹ̀ ń gbé ohun tó wà lórí dísìkì fún kernel láti kà. Ètò fáìlì tí ọ̀tá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lè mú kernel ṣubú láìka nosuid sí. Fún server tó bá ṣe pàtàkì gan-an, kí oníkálùkù ki káàdì bọ láptọ́ọ̀pù ara rẹ̀, kó fi SFTP gbé fídíò ránṣẹ́. Ó pẹ́ ju USB lọ, pàápàá tó bá jẹ́ Wi-Fi, ṣùgbọ́n fáìlì nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ server.

Tí ẹ bá fún wọn ní àṣẹ náà, ẹ lè mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe. Kọ́máàǹdì journalctl -u udisks2 á sọ ọ́ fún yín ní ìlà kọ̀ọ̀kan: dísìkì wo, fódà wo, àti nọ́ńbà ẹni tí wọ́n mount ún fún lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà on behalf of uid. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, gpasswd -d bisi onifilasi á gba àṣẹ yẹn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Káàdì tó ti mount tẹ́lẹ̀ á ṣì wà lára ẹ̀rọ títí alábòójútó á fi tú u.